Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Balùwẹ̀ Kékeré àti Ọ̀nà tí Omi Yóò Gbà Jáde

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti sọ̀rọ̀ ní ojú ewé yìí nípa yàrá àlejò, nípa ilé ìdáná àti nípa ibùsùn àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà nínú ilé tí a kì í fẹ́ dárúkọ níwájú àlejò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè lo ọjọ́ kan láìwọ inú rẹ̀. Balùwẹ̀ ni a ń wí, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó bá a gbé pọ̀. A fẹ́ ròyìn fún yín bí a ti tún tiwa ṣe níhìn-ín ní Sáńgò-Ọ̀tà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe é: ní ìgbà àkọ́kọ́ a ṣìṣe, ní ìgbà kejì ni a tó mọ ohun tí a ń ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa ni a jìn. Kí ẹ̀yin kí ẹ gbọ́n.

Ìyá wa ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Adó-Odò ni wọ́n ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti di àgbàlagbà, orúnkún wọn kò sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n sì ṣubú nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ọwọ́ wọn wú, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó lè fi í gbé ife omi. Àwa ọmọ péjọ, a sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí Ìyá wá máa gbé ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Kí wọ́n tó kó dé, wọ́n wá wo ilé. Wọ́n yin yàrá tí a pèsè fún wọn, wọ́n yin ibùsùn, wọ́n yin aṣọ fèrèsé. Nígbà tí wọ́n dé balùwẹ̀, wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọn kò wọlé. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni n ó máa dì mú bí mo bá ń wẹ̀?” A rẹ́rìn-ín, a ní, “Ìyá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Kí ẹ tó dé, a ó ti tún un ṣe, yóò máa dán gbinrin.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: Ìyá bèèrè ohun tí wọn yóò dì mú, àwa ṣe ìlérí ohun tí yóò máa dán. Inú àṣìgbọ́ kékeré yìí ni gbogbo òfò wa ti wá.

Balùwẹ̀ náà kò tóbi. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ ilé náà mọ ìdènà sìmẹ́ńtì kan tí ó ga ní ínǹṣì 6, kí omi má baà ṣàn wọ inú ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju ojú ewé ìwé ìròyìn yìí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń lò ó láti ọdún mélòó kan, a kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ tiwa ṣì le.

Kí ni a kọ́kọ́ ṣe? Táìsì ni a kọ́kọ́ rà. A jáde lọ sí àwọn ìsọ̀ ohun ìkọ́lé tí ó wà lójú ọ̀nà, a yan èyí tí ó funfun tí ó sì ń dán jù lọ, a ra ọpọ́n ìfọwọ́ tuntun, a ra dígí. Lẹ́yìn náà ni a tó wá bíríkìlà. Bíríkìlà náà wo ilẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n hú ilẹ̀ yìí, kí n tún ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, kí a sì fi omi dán an wò ní odidi ọjọ́ kan kí n tó tẹ́ táìsì.” A dá a lóhùn pé, “Kò sí àyè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ìyá ń bọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ lé orí ti àtijọ́.” Ó ṣe bí a ti wí. Ní ọjọ́ Ẹtì iṣẹ́ parí. Àwọn ará ilé wò ó, wọ́n yìn ín. Àwọn aládùúgbò yọjú, wọ́n kí wa kú oríire.

Ayọ̀ wa kò pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a rí i pé omi ìwẹ̀ kì í lọ tán; ó ń dúró ní ìdí ilẹ̀kùn bí adágún kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀dà ara ògiri yàrá tí ó kángun sí balùwẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń ṣí bí èèpo iṣu. Ewu dúdú hù sí ẹ̀yìn àpótí aṣọ, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá kan. Yàrá ta ni? Yàrá Ìyá ni.

Èyí tí ó dùn wá jù kì í ṣe ògiri. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí a bá bi wọ́n, wọn a ní òtútù ń mú àwọn. Ìyàwó wa ni ó fi ojú obìnrin wò ó, ó sì pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Òtútù kọ́. Ẹ̀rù ni ń ba Màmá. Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀, wọn kò rí ohun kan dì mú, wọn kò sì fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé àwọn kò mọ oore.” Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. Àgbàlagbà obìnrin tí ó ti ń wẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ láti kékeré, tí ó wẹ gbogbo wa dàgbà, ni ó ń sá fún omi nínú ilé ọmọ rẹ̀ nítorí táìsì dídán.

A kò lè dá bíríkìlà lẹ́bi, nítorí ó ti sọ tirẹ̀. Àwa ni a kán an lójú. Ìgbà náà ni a tó jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí ní ọjọ́ àwọn bàbá wa. Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ máa ń wà: ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ògiri kúkurú tí kò ní òrùlé, tí a tẹ́ òkúta sí ilẹ̀ rẹ̀. Omi ìwẹ̀ a sì wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oòrùn ní í gbẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ní í lé òórùn rẹ̀ lọ. Ṣalángá yà sọ́tọ̀ ní òkèèrè. Ní Èkó, níbi tí ilé ti fún mọ́ ara wọn, àwọn agbépòó ni ń ru garawa ìgbọ̀nsẹ̀ lọ ní òru. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, àwọn wolé-wolé a máa wọ agbo ilé kiri, ẹni tí wọ́n bá sì bá tanwíjí nínú ìkòkò omi rẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1915 ni omi ẹ̀rọ Íjù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé Èkó. Díẹ̀díẹ̀ ni omi fi ń kúrò ní odò àti ní kànga, tí ó ń wọ inú ilé tọ̀ wá wá.

Ìlú tiwa náà ti yí padà. Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ti di olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ní Agbára pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ ti gbogbo ilẹ̀ wá láti wá gbé, a sì gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Balùwẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ti wọ inú ilé, ṣùgbọ́n oòrùn àti afẹ́fẹ́ kò bá a wọlé. A gbé omi wọlé, a kò ronú ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tiwa nìkan.

Wàyí o, ohun tí a ṣe ní ìgbà kejì nìyí, ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní, a yà á sí ilẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyàwó wa ni ó mú ìmọ̀ràn náà wá. A kó àga kúrò ní àárín pálọ̀, a mú ẹfun, a sì ya balùwẹ̀ náà sí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi mọ, ẹsẹ̀ bàtà 7 ní òró, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú. A gbé àga onígi kan kalẹ̀ bí ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, a fi àpótí ṣe ọpọ́n ìfọwọ́, ọmọ wa kan sì di ọwọ́ ìgbálẹ̀ mú bí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà a bẹ Ìyá pé kí wọ́n wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì yí padà. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kọ́ wa ju gbogbo ohun tí a rí ní ìsọ̀ lọ. Ìyá kò lè yí padà láìgbá ọ̀pá mọ́ ilẹ̀kùn.

Nítorí náà a pinnu pé kí ilẹ̀kùn máa ṣí sóde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ènìyàn bá ṣubú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ń ṣí sínú, ara rẹ̀ náà ni yóò dí ilẹ̀kùn, ẹni tí ó fẹ́ gbà á kò sì ní lè wọlé. A sì rọ ọwọ́ ìtì tí a lè ṣí láti òde bí ọ̀ràn bá dé.

A pín òró ilẹ̀ náà, tí í ṣe ínǹṣì 84, sí ọ̀nà mẹ́ta. Ínǹṣì 36 ní ìpẹ̀kun, lábẹ́ fèrèsé, jẹ́ ti ìwẹ̀. Ínǹṣì 30 ní àárín jẹ́ ti ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ní kí ínǹṣì 15 ó kéré tán wà láti àárín ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àyè iwájú rẹ̀ má sì dín ní ínǹṣì 21. Ínǹṣì 18 tí ó kù ní ìdí ilẹ̀kùn ni a fi ọpọ́n ìfọwọ́ kékeré kan sí. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ kò kúrò ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí páìpù ńlá rẹ̀ ti wà ní abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀; ẹni tí ó bá ṣí i nípò yóò fọ́ ilẹ̀, yóò sì san owó ńlá, ó sì lè ṣàìrí ìdagẹ̀rẹ́ tí ó tó mọ́.

Èkejì, a bi omi léèrè ibi tí ó ń lọ. Omi kò mọ ẹwà. Ìsàlẹ̀ ni ó mọ̀. A pe bíríkìlà wa àtijọ́ padà, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó hú gbogbo ilẹ̀ náà títí dé kankéré. Ó tún un ṣe kí ó dagẹ̀rẹ́ láti ìdí ilẹ̀kùn lọ sí ihò omi ní abẹ́ fèrèsé, ínǹṣì kan nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó kù díẹ̀ kí ó tó ínǹṣì 2. Kò pọ̀ tí ẹsẹ̀ fi lè yọ̀, kò sì kéré tí omi fi lè dúró. Nítorí pé ilẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, a wó ìdènà gíga tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà náà. Ìdajì ínǹṣì péré ni a fi sílẹ̀, Ìyá sì lè wọlé láìgbé ẹsẹ̀ sókè.

Lábẹ́ ihò omi, páìpù gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, kí omi díẹ̀ lè máa jókòó nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi díẹ̀ yìí, tí jíjìn rẹ̀ tó ínǹṣì 2, ni ìdérí tí kì í jẹ́ kí òórùn kòtò àti aáyán gòkè wá. Alexander Cumming, ará Skọ́tíláǹdì tí ń ṣe aago ní Lọ́ńdọ́nù, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú páìpù títẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọdún 1775, ọgbọ́n náà kò sì tíì gbó títí di òní. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín bá ń rùn lẹ́yìn tí ẹ ti ìrìn-àjò dé, ẹ má tètè pe púlọ́ńbà. Ó lè jẹ́ pé omi inú ọrùn náà ni ó gbẹ. Ẹ da igbá omi kan sí i ná.

Ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé e ni pé táìsì kì í dá omi dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò bẹ́ẹ̀, àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Táìsì jẹ́ ẹ̀wù lásán. Sìmẹ́ńtì tí ó wà láàrín ọ̀kan àti èkejì ń mu omi, omi a sì gba ibẹ̀ lọ sí ara ògiri. Kí a tó tẹ́ táìsì, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kun gbogbo ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ibi ìwẹ̀, kí ó gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri àti ìdí páìpù ni kí a tọ́jú jù, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà sá.

Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ, bíríkìlà dí ihò omi, ó mọ odi kékeré sí ẹnu ọ̀nà, ó bu omi kún ilẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ara ògiri ní ibi tí omi dé. Wákàtí 24 ni a fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ilé péjọ láti wò ó. Omi náà kò kúrò ní ojú àmì, ògiri yàrá Ìyá sì gbẹ táútáú. Ọjọ́ kan péré ni èyí gbà wá. Ọjọ́ kan yìí ni a kọ̀ fún bíríkìlà ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sì gba gbogbo owó wa àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kẹta, a tọ omi náà lọ sí òde. Kì í ṣe pé kí omi kúrò ní ojú wa kí a sì sọ pé ó ti lọ. Ní agbègbè wa, kànga àti kànga-ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé gbẹ́kẹ̀ lé. Ilẹ̀ kan náà tí ó ń fún wa ní omi ni a sì ń da ẹ̀gbin sí. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ìsàlẹ̀ kòtò sì ga ju omi inú ilẹ̀ lọ tó mítà kan àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan níhìn-ín máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ìdajì rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́lé sí, jẹ́ 60 sí 60. Bí ẹ bá na okùn láti igun kan dé igun kejì lórí ìdajì púlọ́ọ̀tì, kò pé ẹsẹ̀ bàtà 85. Èyí ni pé ẹni tí ó ní ìdajì púlọ́ọ̀tì kò lè rí ẹsẹ̀ bàtà 100 láéláé, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, kí a má tíì sọ ti kànga aládùúgbò tí ó wà lẹ́yìn ògiri.

Ọ̀ràn yìí ti pa ènìyàn rí. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì jà ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ́nù. Dókítà John Snow tọ ipasẹ̀ àwọn tí ó kú, ó sì rí i pé láti inú ẹ̀rọ omi kan ní òpópó Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pọn omi. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kòtò ẹ̀gbin ilé kan tí ó súnmọ́ kànga náà ń jò sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ọ̀ràn ayé àtijọ́ ni. Ní ọdún 2021, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yìí, àwọn tí a fura sí pé onígbáméjì mú lé ní 100,000, àwọn tí ó sì kú lé ní 3,500.

Kí ni a wá ṣe? A wo ilẹ̀ wa, a wo ti aládùúgbò, a sì rí i pé sókàwéè wa àtijọ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ sí kànga rẹ̀. Ó ti ń mu omi náà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sọ nǹkan kan, nítorí kò mọ̀. A lọ bá a, a sì sọ òtítọ́ fún un. A gbẹ́ sókàwéè tuntun sí igun iwájú, ẹsẹ̀ bàtà 70 sí kànga tiwa, ó sì jìnnà sí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́kọ́ ń wọ inú tánkì tí a fi kankéré dí nínú, kí omi rẹ̀ tó ṣàn lọ sínú sókàwéè. A fi àwọ̀n bo orí páìpù tí atẹ́gùn ń gbà jáde, kí ẹ̀fọn má baà fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nítorí pé 70 kì í ṣe 100, ilé wa àti ilé rẹ̀ ń se omi mímu hó kí a tó mu ún.

Ẹ̀kẹrin, a dá Ìyá lóhùn. Ní ìgbà yìí ni a tó ra táìsì. A kò fi ojú yan án mọ́. Ní ìsọ̀, a tọrọ omi àti ọṣẹ díẹ̀, a dà á sí orí rẹ̀, a bọ́ bàtà, a sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó yọ̀, a dá a padà. Táìsì kéékèèké tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka ni a mú bọ̀, nítorí pé ìlà sìmẹ́ńtì tí ó pọ̀ láàrín wọn ń bá ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú.

A de ọ̀pá irin mọ́ ògiri ní ibi méjì: ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan ní ibi ìwẹ̀. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀lé wí pé kí ó ga ní ínǹṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀. Àwa ní kí Ìyá na ọwọ́, ibi tí ọwọ́ wọn bọ́ sí ni a sì sàmì sí. Ẹ ṣọ́ra: búlọ́ọ̀kù tí ó ní ihò nínú kì í di ìṣó mú. A lu ògiri náà ní ibi tí ọ̀pá yóò wà, a fi kankéré kún ihò rẹ̀, a jẹ́ kí ó le fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni a tó so ọ̀pá mọ́ ọn. Kí a tó gbà kí Ìyá fọwọ́ kàn án, àwa tìkára wa fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pá tí yóò já lọ́wọ́ àgbàlagbà burú ju àìsí ọ̀pá lọ. A ra ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ga ní ínǹṣì 17, nítorí èyí tí ó rẹlẹ̀ ń dá orúnkún lóró. A sì fi búlọ́ọ̀kù mọ pẹpẹ kékeré kan tí a ń gbé garawa omi lé, kí Ìyá lè jókòó lórí àpótí wọn kí wọ́n sì máa bu omi láìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti iná mànàmáná. A mú fèrèsé náà tóbi ní ìlọ́po méjì, a sì gbé e sókè kí ojú òde má baà wọlé. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí i, a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ wa ni. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. A gbé ẹ̀rọ náà jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ sí gbogbo fèrèsé. Ní ti omi gbígbóná, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti irin iná bọ inú garawa nínú balùwẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, kí oníná mànàmáná so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, kí ó fi ohun tí ń tètè pa iná sí i, kí ìtanná rẹ̀ sì wà ní òde ilẹ̀kùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. A kò ní kọ iye rẹ̀ síhìn-ín, nítorí iye tí a bá kọ lónìí kò ní jẹ́ òtítọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ohun tí a ná ní ìgbà kejì sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́fà lọ sí ohun tí ojú kò rí: ilẹ̀, páìpù, ọ̀dà adènà-omi, tánkì àti sókàwéè. Ọ̀kan ni a fi pamọ́ fún ohun tí a kò retí, ó sì wúlò. Mẹ́ta péré ni ó lọ sí ohun tí àlejò lè rí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí àlejò lè rí ni ó gba gbogbo rẹ̀. Ẹ ra táìsì lé díẹ̀, ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, nítorí èyí tí yóò fọ́. Ẹ kọ àdéhùn yín pẹ̀lú òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì san owó ní ìpele ìpele. Kí ìpele kan jẹ́ ti ọjọ́ tí a fi omi dán ilẹ̀ wò. Bí bíríkìlà bá gbà yín ní ìmọ̀ràn, ẹ fetí sí i, pàápàá nígbà tí ìmọ̀ràn náà yóò fa iṣẹ́ yín sẹ́yìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a parí, Ìyá mú kànìnkànìn wọn, wọ́n mú ọṣẹ dúdú, wọ́n sì wọlé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó wa fi lọ dúró ní ìtòsí ilẹ̀kùn. Ohun tí ó gbọ́ ni orin. Láti ọjọ́ náà, Ìyá ti padà sí ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọn kò yin táìsì wa, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ̀rọ̀ dígí. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, irin yẹn mà le o.” Ìyìn yẹn tó wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àgbà ń bọ̀ wá bá gbogbo wa. Balùwẹ̀ tí ẹ bá ṣe fún ìyá yín lónìí ni ẹ̀yin náà yóò wẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́la. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, kí bàbá ilé mú ẹfun, kí ìyá ilé mú okùn ìwọ̀n, kí ẹ sì pe ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré pé, “Kí ni ẹ ń dì mú bí ẹ bá ń wẹ̀?” Ẹni tí ó bá ní ohun kan láti bèèrè, tàbí tí ó mọ ọgbọ́n tí ó ju tiwa lọ, kí ó kọ̀wé sí wa, a ó sì tẹ̀ ẹ́ síbí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.